Ẹ Ṣírò Owó Yín Kí Ẹ Tó Dé Sẹ́mẹ̀

Ìyá tó bá wọ ọjà Ojúwòyè ní Mushin kì í san iye tí aláta bá kọ́kọ́ pè. Á ná an, á kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò rà mọ́, títí aláta á fi pè é padà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyá yìí kan náà wọ ọkọ̀ lọ ra ańkárá ní Lomé, tàbí kó fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Kútọnu. Á bọ́ sílẹ̀ ní bọ́dà Sẹ́mẹ̀, á kó ₦300,000 fún ọkùnrin tó jókòó ti tábìlì owó, iye sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí ọkùnrin náà bá kà fún un ló máa gbà. Ata ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ná títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Owó rẹpẹtẹ ni kò ná rárá.

Owó ìlú mìíràn, ọjà ni. Ó ní iye tó yẹ kí wọ́n máa tà á. Ẹni tí kò bá mọ iye yẹn kó tó kúrò ní Yábà tàbí Súrùlérè, ohun tó bá wu olówó ló máa fún un.

Ti sẹ́fà tilẹ̀ rọrùn láti mọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Owó yìí kì í fò sókè sódò bíi náírà. Franc ilẹ̀ Faransé ni wọ́n so ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà oníṣòwò kò ní gbàgbé January 1994, nígbà tí wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì lójijì. Láti 1999, Yúrò ni wọ́n so ó mọ́: sẹ́fà 655.957 ni Yúrò kan, kò sì tíì yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ iye tí wọ́n ń ta Yúrò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, ẹ ti mọ iye sẹ́fà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ₦1,700 ni Yúrò kan. Ẹ mú fóònù yín, ẹ fi 656 pín 1,700. Ohun tó máa jáde ni 2.59, ìyẹn ni pé nǹkan bíi ₦2,590 ló yẹ kí 1,000 sẹ́fà jẹ́. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó gbọ́dọ̀ jẹun, kò sì sí bó ṣe máa fún yín ní iye yẹn gan-an. Bó bá fi ₦50 tàbí ₦60 lé e, ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá ní ₦2,800 ni òun ń tà á, tí ẹ sì fẹ́ gba 100,000 sẹ́fà, ₦21,000 ló fẹ́ yọ lápò yín lé orí iye tó tọ́. Kò ní pè é lówó iṣẹ́. Ó tiẹ̀ lè búra pé òun kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Òótọ́ ni, inú iye tó pè ló fi èrè rẹ̀ pamọ́ sí.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Ẹnì kan á sọ fún yín pé 1,000 náírà gba sẹ́fà báyìí, èkejì á ní 1,000 sẹ́fà gba náírà báyìí, orí yín á dàrú, ẹ ò sì ní mọ èyí tó dára jù. Ẹ má dáhùn àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi gbogbo wọn: “Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, náírà mélòó?” Ẹ bi mẹ́ta nínú wọn ó kéré tán. Fóònù yín ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ ẹni tó ń ṣẹ́ owó. Ẹ ka sẹ́fà náà tán kí náírà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bó bá sì gba owó náà padà pé òun fẹ́ tún un kà, ẹ tún un kà ní tiyín lẹ́yìn tó bá dá a padà. Awakọ̀ á máa fọn fèrè, á ní ẹ̀ ń dá òun dúró. Ẹ jẹ́ kó máa fọn ọ́n.

Ẹ yẹ ojú owó náà wò pẹ̀lú. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ń ná ní Tógò, Ivory Coast, Sẹ̀nẹ̀gà àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn, báńkì BCEAO tó wà ní Dakar ló ń gbé e jáde. Ti Kamẹrúùnù àti Gàbọ̀n yàtọ̀. Báńkì BEAC ló ni ín. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iye kan náà ni wọ́n sì jẹ́ sí Yúrò, ṣùgbọ́n oníṣòwò ọjà Dantokpa ní Kútọnu kò ní gba ti Kamẹrúùnù lọ́wọ́ yín. Ẹ wá BCEAO lára rẹ̀.

Àǹfààní wà nínú bí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ṣe ń ná owó kan náà fún ẹni tó ń kọjá lọ sí Lomé: owó tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kútọnu ló máa ná lọ, kò ní ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ní Jíbówú lọ sí Akra ni kó ṣọ́ra. Mo ti rí àwọn tó kó gbogbo náírà wọn ṣẹ́ sí sẹ́fà ní Sẹ́mẹ̀, tí wọ́n tún kó gbogbo sẹ́fà náà ṣẹ́ sí sídì ní Aflao, bọ́dà Gánà. Owó tó bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bù nínú rẹ̀. Iye tí ẹ máa fi jẹun lójú ọ̀nà nìkan ni kí ẹ ṣẹ́ sí sẹ́fà.

Ti káàdì ńkọ́? Láàárín 2022 sí 2023, nígbà tí dọ́là di ọ̀wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ báńkì wa ló dá káàdì náírà dúró kó má ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́. Nínú ọdún 2025, àwọn kan lára wọn tún ṣí i padà. Nítorí náà, ẹ má fi ti ọdún tó kọjá ṣe ìrìn-àjò ọdún yìí. Kí ẹ tó rìn, ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀ ń lọ, iye tí ẹ lè gbà, iye tí wọ́n máa gé lórí ẹ̀rọ ATM, àti iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là. Bí ilé Ecobank tàbí UBA bá wà ní Kútọnu, kò túmọ̀ sí pé ọ̀fẹ́ ni káàdì tí ẹ gbà ní Ojúẹlẹ́gba máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n. Bó bá sì jẹ́ pé iye kan pàtó ni wọ́n ń gé nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ gba owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò kí ẹ máa gbà á díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí àwọn ará wa tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai ti máa ń kó sí i ni ìbéèrè kan tí ẹ̀rọ ATM tàbí POS máa ń bi èèyàn. Ẹ̀rọ á gbé e jáde pé 200 pọ́n-ùn tí ẹ fẹ́ gbà, iye báyìí náírà ni, ṣé kí òun fi náírà gé e? Ó máa dùn mọ́ ẹni tó jìnnà sílé láti rí náírà. Ẹ má gbà. Iye tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fẹ́ ló máa fi ṣírò, ó sì máa ń wọ́n ju ti báńkì yín lọ. Ẹ tẹ kíkọ̀. Owó ṣì máa jáde, pọ́n-ùn ni wọ́n kàn máa fi gé e. Ẹ̀rù kíkọ̀ yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n rò pé owó ò ní jáde mọ́.

Ẹni tó ní físà àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tún ní ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Báńkì lè ta dọ́là ìrìn-àjò, PTA, tó tó $4,000 fún un lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Páásípọọ̀tì, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti BVN ni wọ́n ń béèrè. Láti February 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí báńkì má fi owó bébà san án mọ́, orí káàdì tàbí ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn ni kí wọ́n ti san án. Ẹ tètè lọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré ṣe lọ́jọ́ tó bá ku ọ̀la. Ní March ọdún 2024 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ 4,173 tó ń ṣẹ́ owó, nítorí náà pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Pápákọ̀ òfurufú ni kó jẹ́ ibi ìkẹyìn tí ẹ máa ti ṣẹ́ owó. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní ibòmíì lọ mọ́. Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá sì ju $10,000 lọ, ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù, òfin ni.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, owó ẹyọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná tán. Àwa ará Èkó ti gbàgbé owó ẹyọ, a máa ń jù ú sísàlẹ̀ báàgì bí ohun ìṣeré, bẹ́ẹ̀ ẹyọ 500 sẹ́fà kan ṣoṣo lé ní ₦1,290 nínú ìṣirò tí a ṣe lókè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà kì í gbà á padà. Ẹ fi san owó ọ̀kadà, ẹ fi ra omi àti búrẹ́dì. Èyí tó jẹ́ bébà, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ṣì ń padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ má tà á: iye tí wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ yín kì í tó iye tí wọ́n fi tà á fún yín.