Àṣà Wo Ni Ó Ní Kí Ọmọbìnrin Má Sáré?

Ìpàdé ẹbí ni wọ́n pè mí sí ní Ẹdẹ. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan nínú agbo ilé wa ni ó ń sáré ní ilé-ìwé rẹ̀, kò sì sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó lè bá a dé òpin mítà 400. Olùkọ́ eré ìdárayá fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn fún ìdíje. Bàbá ọmọ gbà, ìyá ọmọ gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa àgbà kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní obìnrin tí ó bá ń wọ ṣòkòtò péńpé sáré kiri, ọkọ gidi kò níí yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ rí ọkọ, ilé ọmọ rẹ̀ yóò ti bàjẹ́. Nígbà tí awuyewuye pọ̀, wọ́n nawọ́ sí mi: "Dókítà nìyí. Yorùbá ni ó kà títí tí ó fi gboyè. Ẹ bi í léèrè bí àṣà wa bá gba irú ìranù bẹ́ẹ̀."

N kò jẹ́ irú ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ kí n jẹ́. Mo sọ tẹnu mi, wọ́n sì ní ìwé ti dà mí lórí rú. Ohun tí n kò ráyè sọ tán lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún 1984, nínú agbo ilé kan náà, nígbà tí mo ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá, wọ́n pàṣẹ fún àbúrò mi obìnrin pé kò gbọdọ̀ sáré mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó sì yára ju èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Kàkà kí n bá a bẹ̀bẹ̀, òwe ni mo pa fún un, pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Inú bàbá mi dùn sí ọmọ tí ó gbọ́ òwe. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan, kò sì tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Nítorí náà, mo mọ bí a ti ń fi òwe dí ènìyàn lọ́nà.

Àṣà wo gan-an ni a ń tọ́ka sí? Ẹdẹ kọ́ ni ó yẹ kí a ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ìlú wa kò ṣe é sọ láìdárúkọ Ṣàngó, ẹni tí ó rán Tìmì Àgbálé Ọlọ́fà-iná wá síbẹ̀. Ọya sì ni aya Ṣàngó. Kí ni Ọya? Ìjì ni. Ìran tí ó pe ìjì ní obìnrin kò lè yí padà kí ó ní eré sísá kì í ṣe ti obìnrin. Àwọn ìyá wa alájàpá ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ẹrù lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn pọnmọ sẹ́yìn. Ta ni ó sọ fún wọn pé ilé ọmọ wọn yóò bàjẹ́? Ní ti ṣòkòtò péńpé, tòbí tí àwọn ìyá ìyá wa ń wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn jù ú lọ.

Bóyá èdè wa ni ó ṣì wá lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan náà, eré, ni a fi ń pe ohun tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá àti ohun tí ẹsẹ̀ ń sá. Bí etí wa bá ti gbọ́ eré, ọkàn wa a sọ pé ìranù ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Falilat Ogunkoya fi eré ṣe.

Ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ó gba wúrà mítà 200 ní ìlú Áténì ní ọdún 1986, níbi ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni ó kọjá lẹ́yìn Áténì kí ó tó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì. Mítà 400 ni ó gbájú mọ́ nígbà náà, eré òǹrorò tí ẹsẹ̀ máa ń wúwo bí òkúta ní ọgọ́rùn-ún mítà tí ó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1996, ní Atlanta, obìnrin mẹ́jọ ni ó dúró fún àṣekágbá. Méjì nínú wọn, Falilat àti Fatima Yusuf, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Marie-José Pérec ará Faransé lo ìṣẹ́jú àáyá 48.25, Cathy Freeman ará Ọsirélíà lo 48.63, Falilat sì gba idẹ pẹ̀lú 49.10. Títí di òní, òun ni àkókò tí a fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Áfíríkà fún àwọn obìnrin. Ní 1998, ní Johannesburg, ó tún ṣojú Áfíríkà níbi Ìdíje Ife Àgbáyé, òun ni ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwa ń sọ fún pé ó ti dàgbà ju ohun tí ó ń sáré lọ!

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ kò gba àkókò púpọ̀. Abiyamọ ọlọ́mọ méjì ni Fanny Blankers-Koen, ará Họ́láńdì, nígbà tí ó gba wúrà mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948. Shelly-Ann Fraser-Pryce ará Jàmáíkà bímọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Ní 2019, ní Doha, ó gba wúrà àgbáyé nínú mítà 100, ó sì tún gbà á ní 2022.

Ohun tí ó ń dùn mí ju àìmọ̀ àwọn àgbà lọ ni ìdákẹ́ àwa tí a pe ara wa ní olùtọ́jú àṣà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, Falilat, Bisi Afolabi, Fatima Yusuf àti Charity Opara gba fàdákà nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, mítà 400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 21.04 ni wọ́n lò. Amẹ́ríkà tí ó gba wúrà lo ìṣẹ́jú mẹ́ta àti 20.91. Ohun tí ó wà láàárín wọn kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Ajẹntínà ní góòlù 3 sí 2, tí gbogbo ìlú tú sígboro. N kò bá bọ́ọ̀lù jà. Èmi náà jó. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ Kanu tàbí Okocha ní kíláàsì, ariwo a sọ. Bí mo bá dárúkọ Bisi Afolabi, wọn a máa wojú ara wọn. Ẹdẹ ni ìlú tí ọba rẹ̀, Tìmì John Adétóyèsé Láoyè, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún títí tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Mo ti gbọ́ tí onílù ń ki ẹni tí kò ṣe ju pé ó ra mọ́tò tuntun lọ. N kò tíì gbọ́ tí ẹnikẹ́ni fi ìlù pe Falilat.

Àwọn tí ó ń ta kò mí ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí n kò lè já ní koro: ta ni yóò tọ́jú ọmọ náà bí ó bá yege? Ní Tokyo ní 2021, wọn kò gba ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá láyè láti díje nítorí pé àyẹ̀wò tí òfin béèrè kò pé. Ní Paris ní 2024, a kò fi orúkọ Favour Ofili sílẹ̀ fún mítà 100 tí ó ti yege fún. Òbí tí ó rí èyí tí àyà rẹ̀ já kò jẹ̀bi. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ni kí ó lọ bínú sí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 kan náà, ní Róòmù, obìnrin kan sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá 49.07. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ya Falilat sílẹ̀. Rhasidat Adeleke ni orúkọ rẹ̀. (Orúkọ náà kì í ṣe àjèjì létí ọmọ Ẹdẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sọ pé ilé kan náà ni wọ́n.) Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Dublin ni wọ́n bí i sí, aṣọ ilẹ̀ Ireland ni ó sì wọ̀ sáré. Ọmọ tí a bí sí Dublin lè jẹ́ Adélékè kí ó sì sáré. Ọmọ tí a bí sí Ẹdẹ ni a ń sọ fún pé àṣà kò gbà á.

Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹ̀gbọ́n wa, kí wọ́n sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. A ó jókòó, a ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹ̀rù tiwọn sí àwọn baba ńlá wa lẹ́nu. Ní tèmi, bàbá ọmọ ti fọwọ́ sí ìwé, mo sì ti fi owó ọkọ̀ Ìbàdàn ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n wa bá fẹ́ bá mi jà sí i, wọ́n mọ ilé mi.