Owó Dísẹ́lì Ni, Kì Í Ṣe Ìfẹ́ Ẹ̀mí Wa

Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí nínú. Lọ́jọ́ tí a ń ti Ìbàdàn bọ̀ láti ìsinmi, tírélà kan wà níwájú wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lẹ́yìn pé kò ní sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ní, "Ẹ ò rí ilé-iṣẹ́ gidi! Àwọn yìí bẹ̀rù Ọlọ́run." Gbogbo èrò mọ́tò ṣe àmín. Èmi ò ṣe.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí tírélà náà gan-an? Tírélà ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti ní 80 ni kó mọ, tí mọ́tò bá ti dé 80, kọ̀ǹpútà á dín epo kù. Kí dírẹ́bà tẹ iná títí ẹsẹ̀ fi kanlẹ̀, asán ni. (Kì í bá a tẹ búrèkì o. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù, ó ṣì lè kọjá 80 dáadáa.)

Ta wá ló ń jèrè ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni tírélà ń fi àyà tì lọ lójú ọ̀nà, bí eré bá sì ṣe ń pọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń le sí i ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Láti 80 dé 100, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni eré fi lé, ṣùgbọ́n ohun tí afẹ́fẹ́ fi lé ju ìdajì lọ. Dísẹ́lì ló ń san gbèsè yẹn. Táyà ń gbóná, ó ń tètè jẹ, búrèkì náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní igba tírélà á ṣírò èyí kó tó sùn lálẹ́.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ní Yúróòpù, òfin ló fi dandan mú un fún àwọn tírélà ńláńlá láti ọdún 1994: 90, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ò ní irú òfin yẹn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba àpapọ̀ wọn dá a lábàá lọ́dún 2016, wọ́n sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́dún 2025. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ ti ń so tírélà tiwọn fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò lù wọ́n kí wọ́n tó ṣe é. Ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́run náà nìyẹn?

Mi ò ní kí wọ́n tú u o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́. Ìṣirò kan náà ló wà nínú ìkọlù: tírélà tó ń sáré 100 ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tó ń sáré 60, ẹrù kan náà. Láti ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń lé àwọn ọlọ́kọ̀ èrò àti ọlọ́kọ̀ ẹrù wa kiri lórí ẹ̀rọ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onítírélà aládàáni ní Amẹ́ríkà, OOIDA, ń jà pé bí tírélà ò bá lè bá ọkọ̀ kékeré dọ́gba nínú eré, ìjàǹbá ló ń fà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ ní orúkọ fún tírélà tó ń sáré 90 tó fẹ́ ya èyí tó ń sáré 89 sílẹ̀: eré-ìje àwọn erin! Gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn á máa fọn fèrè. Àmọ́ kí erin rọra sáré ṣì sàn ju kó gun orí wa lọ.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Wọ́n so ẹsẹ̀ mọ́tò, wọn ò so ẹsẹ̀ ebi. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà tírélà nílẹ̀ yìí, owó tíríìpù ni wọ́n gbójú lé. Láti Èkó dé Kánò, ká pè é ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní 100, wákàtí 10 ni. Ní 80, wákàtí 12 àbọ̀ ni. Bí owó tíríìpù ò bá yí padà, níbo ni dírẹ́bà ti máa rí wákàtí méjì àbọ̀ yẹn? Nínú oorun rẹ̀ ni! Á mu paraga, á jẹ obì, á máa lọ ní 80 pẹ̀lú ojú pípa dé. Ọ̀gá ti jèrè dísẹ́lì, dírẹ́bà ló san án.

Ní Yúróòpù tí a fi ń yangàn, òfin ọdún 2006 ní kí dírẹ́bà má wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́ (ó lè di 10, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀), kó sì sinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Òfin yẹn kan náà kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti sanwó lórí jíjìnnà ọ̀nà tàbí ìwọ̀n ẹrù, bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá lè fa ewu sójú títì. Ẹ ò rí wọn kí wọ́n kọ ìyẹn sẹ́yìn tírélà níbí.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi kí a tó dé géètì. Ó ní mo ti ń ka ìwé jù. Mo ní kó sọ fún mi, tírélà tó ń yìn yẹn, ìgbà wo ni dírẹ́bà rẹ̀ sùn gbẹ̀yìn? Kò tíì dá mi lóhùn di òní.