ÌWÉ ÀTIJỌ́ Ń ṢI ỌMỌ TUNTUN LỌ́NÀ



Àwọn àgbà awakọ̀ kò lè gbàgbé ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ náà ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì, tí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà, ìwé òfin ìrìnnà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú di ìwé ikú. Kò sí ọ̀gá awakọ̀ tí yóò gbé e lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ lónìí pé kí ó fi kọ́ ọkọ̀ ní ọ̀nà Kabba sí Lọ́kọ́jà. Ṣùgbọ́n ìwé tí àkókò rẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀ ni à ń gbé fún àwọn ọmọ tuntun nínú ọ̀ràn mìíràn tó kan ara wọn àti owó wọn. Èyí ni a fẹ́ bá ẹgbẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn baba wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìwé tó yẹ kí òun fò lára pátákó. Bí ó bá rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ “Kabba, Ìpínlẹ̀ Kwara” sí lórí, ẹ̀rín ni yóò rín, nítorí ó mọ̀ pé láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni a ti wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ọmọ tuntun náà mọ̀ pé Kogi ni òun wà, ṣùgbọ́n yóò rò pé Ìlọrin ni wọ́n ṣì ń gba fọ́ọ̀mù yẹn. Yóò san owó ọkọ̀ lọ, yóò padà lọ́wọ́ òfo, àwa yóò sì sọ pé òye rẹ̀ kò tó. A kì í bi ara wa pé ta ló fi ìwé náà síbẹ̀.

Èyí tó wúwo jù ni owó gbà-má-bìínú fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Nínú òfin ọdún 1987, ọ̀ràn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni. Wọn ti fagi lé òfin yẹn. Èyí tí a ń lò báyìí jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Inú àpò yìí ni owó ẹni tó fara pa yóò ti jáde. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó náà lára owó oṣù wa, òfin kò sì gbà kí òṣìṣẹ́ bá a ṣe àdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun. Kódà ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà láti ilé rẹ̀ ní Ìyàrà lọ síbi iṣẹ́ lè béèrè.

Ṣùgbọ́n òfin yìí ní iye ọjọ́. Ẹni tó fara pa, tàbí ará ilé rẹ̀ bí ó bá kú, gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá tàbí fóòmàn láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. A sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rọ gé ní ìka ní ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kẹta lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka ìwé àtijọ́ lára pátákó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá òun ni. Ọ̀gá ní kí ó lọ sinmi, pé òun yóò wá nǹkan ṣe sí i. Ó dúró. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọdún kan kọjá. Orúkọ NSITF kò sí nínú ìwé tó kà; báwo ni ì bá ṣe mọ̀?

Bákan náà ni ọ̀ràn owó. Ìwé tó bá tẹ̀lé òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2004 yóò sọ pé náírà méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni agbanisíṣẹ́ yóò dá, kí òṣìṣẹ́ náà dá méje àbọ̀. Òfin ọdún 2014 ní ti agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá, ti òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́jọ. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di 30,000 náírà ní ọdún 2019, ó sì di 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó bá mú ìwé ọdún 2019 lọ bá ọ̀gá, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ 40,000 náírà nù lóṣooṣù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Git, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú gbogbo àtúnṣe: ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ohun tó yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí GitHub. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, GitHub dẹ́kun gbígba ọ̀rọ̀ ìwọlé lásán lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi Git kó iṣẹ́ ránṣẹ́. Síbẹ̀ ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ ṣáájú ń sọ fún ọmọ tuntun pé kí ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó wá rò pé òun ni kò gbọ́n. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí títọ́jú àtúnṣe jẹ́ iṣẹ́ wọn, ó yẹ kí àwa ṣọ́ra.

Àwọn kan yóò ní kí a jó gbogbo ìwé àtijọ́. A kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó fara pa ní ọdún 2008, òfin ìgbà náà ló kàn án, ìwé ìgbà náà ni yóò fi jà. Kí a tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sí wọn lára pé àkókò wọn ti kọjá. Àwọn mìíràn yóò ní kí ọmọ tuntun béèrè. Ta ló ń béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà?

Nítorí náà, a fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ìwé kankan má ṣe wà lára pátákó tí kò ní ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti orúkọ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i. Èkejì, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, kí akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jọ ka gbogbo ìwé náà. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí òun ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 yẹn ní èdè Yorùbá gàdàgbà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú àti gbogbo gáréèjì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹ tó wọṣẹ́ lọ́la, ẹ wo pátákó ibi iṣẹ́ yín. Ìwé tí ẹ kò bá rí ọjọ́ lára rẹ̀, ẹ mú un tọ akọ̀wé lọ.