Ẹ Má Fi Ayọ̀ Du Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Ń Yá Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹni tí ọsibítù ti ní kó máa lọ sílé, tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́bàá ọjà Tejúoṣó, ìbéèrè tí àwọn ará ilé aláìsàn máa ń bi mí jù ni pé, "Aǹtí nọ́ọ̀sì, kí ni kó má ṣe? Kí ni kó má jẹ?" Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bi mí pé kí ni ó lè ṣe tí inú rẹ̀ yóò fi dùn. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á lé àwọn ọmọdé jáde, wọ́n á ní kó sinmi.

Èmi kò gbà pé ìsinmi nìyẹn. Ẹni tó ń wo àjà ilé láti àárọ̀ di alẹ́, àìsàn rẹ̀ ni yóò máa rò. Oúnjẹ kò ní í wù ú jẹ, ìdìde kò ní í wù ú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í rí oorun sùn lóru nítorí pé ó ti tòògbé tó lọ́sàn-án. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé inú dídùn ní í mú orí yá.

Láti 31 October 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ẹ̀rọ yìí ti ń bá wa gbé. Ẹ jẹ́ kó wúlò fún aláìsàn. Ìyá tí kò tíì lè padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lè máa wo eré Yorùbá, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa bá ìyàwó búburú inú eré jà. Baba tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lè máa ka ọjọ́ de eré Sátidé. Ẹni tó ní ohun tó ń retí lọ́la, ó máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ o! Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé ìyá sí pálọ̀ pé kó gbádùn ara rẹ̀, tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì gba rìmóòtù, tí wọ́n ń pariwo bọ́ọ̀lù lé e lórí. Ayọ̀ ta ni ìyẹn? Ọwọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń yá ni kí rìmóòtù wà. Bí kò bá sì fẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé àga sí iwájú ilé fún un ní òwúrọ̀, kó máa wo àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ọ̀rẹ́ kan bá a ta ayò. Kò náni ní nǹkan púpọ̀.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́ ṣá. Ní ọdún 2006 tí wọ́n gbá Ife Àgbáyé ní Jámánì, àwọn dókítà agbègbè Munich rí i pé lọ́jọ́ tí ikọ̀ Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, iye àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ewu náà sì wúwo jù fún àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀. Nílé wa níbí, ní 7 February 2024 tí Super Eagles fi pẹnárítì borí South Africa, àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wo eré náà. Nítorí náà, bí ọkàn aláìsàn yín kò bá lágbára, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga, ẹ má jẹ́ kó wo pẹnárítì. Ẹ sọ èsì fún un lẹ́yìn náà, kó sì wo góòlù náà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí àyà bá ń fún un, tí òógùn tútù bo ara rẹ̀, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de fèrè ìparí. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ tún fi nǹkan díẹ̀ wọ̀nyí sọ́kàn. Bí wọ́n bá lọ sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, kí òun náà dìde, kó rìn káàkiri ilé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn ún, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí níkùn, kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ nígbà tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín tàbí wúkọ́. Bí àkókò oògùn bá bọ́ sí àárín eré, oògùn ló ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ bu bíà fún un torí pé a gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá lọ, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìdí fèrèsé nítorí bọ́ọ̀lù. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, ó sì lè pa gbogbo ilé lójú oorun. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé yín, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ jáde síta ní kíá, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù.

Oògùn ṣe pàtàkì, oúnjẹ ṣe pàtàkì. Ẹ̀rín náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ti ń ka iye egbòogi tí aláìsàn yín lò lójúmọ́, ẹ máa bi ara yín léèrè pẹ̀lú pé: ṣé ó rẹ́rìn-ín lónìí?

Kí Olúwa fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà pípé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.