Pápá Àdúgbò Kì í Ṣe Ti Ìjọba Nìkan

“Iṣẹ́ ìjọba ni.” Ìjọba kẹ̀! Ta ló gba igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní Òṣogbo? Nígbà tí àwọn agégi àti oníṣòwò ilẹ̀ gbójú lé e, àwọn olórìṣà, Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ló dúró tì í. Ìwé ìjọba dé lọ́dún 1965, ti UNESCO dé lọ́dún 2005. Ìwé dára, àmọ́ ẹni tó ti dúró ló ń bá.

Àwa tá à ń kọ kóòdù mọ̀ ọ́n: èyí tí kò lálámòójútó, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pápá àdúgbò. Tá a bá dákẹ́, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, orí títì làwọn ọmọ á ti máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká kóra jọ, ká wá ìwé ilẹ̀ náà rí, ká ro oko rẹ̀, ká máa ṣọ́ ọ.