Orúkọ Baba Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì

Nínú ìwé tí ọmọ máa ń kọ nígbà tí ó bá ń wá àyè sí yunifásítì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè ilé-ẹ̀kọ́ tí baba àti ìyá rẹ̀ ti jáde. Ìbéèrè náà dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn yunifásítì tí òkìkí wọn kàn jù lọ, bí ìdáhùn bá jẹ́ orúkọ yunifásítì yẹn gan-an, ọmọ náà ti ní ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní, bí máàkì wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n pe Yunifásítì Harvard lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà ní Boston ní ọdún 2018, àkọsílẹ̀ tí ó ti wà ní ìpamọ́ bọ́ sí gbangba. Ó hàn níbẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tí ó ti jáde ní Harvard tí wọ́n béèrè àyè, nǹkan bí 33 ni ó ń wọlé. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn yòókù, nǹkan bí 6 péré ni.

Àwọn kan yóò ní ọmọ ọ̀mọ̀wé ni yóò mọ̀wé, kí ni ìyanu níbẹ̀? Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Raj Chetty, David Deming àti John Friedman gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kúrò ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì òbí rẹ̀, tí ó gbé ìwé rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àǹfààní náà kò tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ ni, ṣé ọpọlọ a máa dúró sí ẹnu ibodè?

Ìtàn bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó kan ẹni tí ó ń gbé ní ìdálẹ̀ jù lọ. Kí ó tó di ọdún 1920, ẹni tí ó bá yege ìdánwò kò ní ìṣòro púpọ̀ láti wọ àwọn yunifásítì wọ̀nyí. Nígbà náà ni àwọn ọmọ Júù, tí àwọn òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aránṣọ àti oníṣòwò kéékèèké, bẹ̀rẹ̀ sí í yege lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn onílé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwà, àwòrán ojú, ìlú àti orúkọ baba. Ní ọdún 1925, Yale pinnu pé ààlà tí wọ́n fi sí iye ọmọ tí wọn yóò gbà kò ní dí ọ̀nà mọ́ ọmọkùnrin ẹni tí ó ti jáde níbẹ̀, bí ó bá ti lè kúnjú ìwọ̀n. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọmọ àlejò lè kàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò lè sọ baba rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ Yale àtijọ́.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì kò nílò ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìlànà ìgbaniwọlé sí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè wà fún máàkì nìkan, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ìpínlẹ̀ baba rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òótọ́ ni pé ìlànà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èrò ti Nàìjíríà ni láti gbé ẹni tí ó wà lẹ́yìn dìde. Ti Amẹ́ríkà ń fi kún ẹrù ẹni tí ó ti wà níwájú. Nítorí náà, ti Amẹ́ríkà ni ó burú jù.

Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ máa ń ní owó tí àwọn òbí ń tọrẹ ni wọ́n fi ń ran ọmọ tálákà lọ́wọ́. Johns Hopkins fi àṣà náà sílẹ̀ ní ọdún 2014. Ní ọdún 2018, Michael Bloomberg, tí ó kàwé níbẹ̀, fún wọn ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là fún ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Awuyewuye tí ó ṣòro jù wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní àwọn yunifásítì kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ara ṣe ìwọ̀n mọ́; ẹjọ́ náà kò fọwọ́ kan orúkọ baba. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti jáde níbẹ̀, tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà, wá ń béèrè pé ṣé ìgbà tí ó kan tiwọn ni ó yẹ kí wọ́n yọ àkàbà? Ìbéèrè náà dunni, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì tí ó kàwé ní Ìbàdàn, tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní Houston, kò ní orúkọ tí yóò fún ọmọ rẹ̀ kọ sí àyè yẹn.

Ìpínlẹ̀ Kalifóníà fọwọ́ sí òfin kan ní ọdún 2024 tí ó ka àṣà náà léèwọ̀, títí kan àwọn yunifásítì tí kì í ṣe ti ìjọba, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Kò sí owó ìtanràn nínú rẹ̀. Orúkọ yunifásítì tí ó bá rú u ni ìjọba yóò gbé jáde fún aráyé rí.