Ta Ló Di Suwíìṣì Mú? Ọ̀rọ̀ Lórí Àpúdéètì Ẹ̀rọ Gèèmù Tuntun

Gbogbo ẹ̀rọ gèèmù ló máa ń kọ ìkìlọ̀ kan náà sójú tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá ń ṣe àpúdéètì: ẹ má pa ẹ̀rọ yìí, ẹ má yọ wáyà iná rẹ̀. Ìkìlọ̀ tó dáa ni. Àmọ́ ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ọ́ kò gbé Ìkẹ́rẹ́ rí, kò sì bá wa gbé Ìsẹ̀ tàbí Èmùré. Ó rò pé ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ló di suwíìṣì mú. Níbí, ẹni tó di suwíìṣì mú kò sí nínú ilé, kò mọ̀ pé à ń ṣe àpúdéètì, kò sì ní í bi wá léèrè kó tó gbé iná lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Lójú tèmi, ṣíṣe àpúdéètì ẹ̀rọ tuntun lórí iná NEPA lásán, láìsí ohun mìíràn tó máa gbé e ró, tẹ́tẹ́ ni. Owó tí wọ́n sì fi ń ta tẹ́tẹ́ náà kì í ṣe kékeré.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ẹ̀rọ yẹn? Ẹ̀rọ gèèmù ní sọ́fítíwíà tirẹ̀ nínú, èyí tó ń sọ fún un bó ṣe máa jí, bó ṣe máa mọ páàdì, bó ṣe máa gbé àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe gèèmù fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ o. Ohun tó wà lábẹ́ gèèmù ni. Tí àpúdéètì bá ń wọlé, ẹ̀rọ ń kọ tuntun lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni wá, ẹ jẹ́ n fi iyán ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ bọ́ iṣu sínú odó, ẹ gún un dé ìdajì, ẹ wá fi ọmọ odó sílẹ̀, ẹ lọ. Nígbà tí ẹ máa fi padà dé, ó ti tutù, ó ti kún fún kókó. Kì í ṣe iṣu mọ́, ẹ ò lè fi ata dín-dín jẹ ẹ́. Kò sì tíì di iyán, ẹ ò lè gbé e síwájú àlejò. Bí ẹ̀rọ tí iná lọ mọ́ lórí ṣe máa ń rí nìyẹn: sọ́fítíwíà àtijọ́ ti kúrò, tuntun kò tíì pé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré á ṣẹ́jú, tẹlifíṣọ̀n á dúdú, ó parí.

Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń kánjú lọ kíláàsì kà, kó tó fi ibí sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àpúdéètì pín sí. Àkọ́kọ́ ni dáńlóòdù, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ń fi dátà fa fáìlì náà wá láti íntánẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá lọ nígbà yẹn, tàbí tí dátà bá tán, kò séwu. Ẹ̀rọ máa tẹ̀síwájú lọ́jọ́ mìíràn, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ padà, dátà nìkan ni ẹ pàdánù. Èkejì ni ínsítọ́ọ̀lù: fáìlì ti wọlé tán, ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀, ó ti tan ara rẹ̀ padà, ó wá ń to nǹkan tuntun sípò. Ibí yìí ni ewu wà. Ní àkókò yìí, ẹ̀rọ ò nílò dátà mọ́ rárá. Iná nìkan ló nílò.

Ìdàkejì la máa ń ṣe. Nígbà tí dáńlóòdù bá ń lọ, gbogbo wa á dákẹ́, a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ wáyà. Tó bá wá dé ínsítọ́ọ̀lù, ìgbà yẹn ni ariwo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi hotspot fún wọn á ní, "Ẹ yọ ọ́ jàre, dátà mi ti ń tán lọ!" Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó ń fa dátà rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fọ́ọ̀nù fi owó lé owó, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gba dátà yín, ẹ pa hotspot náà, kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù gèèmù kan wà láàárín ìgboro wa tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí bọ̀dá tó ni ín rà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Owó àjọ ló fi rà á, èyí tó fi oṣù gbọọrọ dá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, èrò ti pọ̀, àwọn ọmọkùnrin ti san owó bọ́ọ̀lù wọn, ẹ̀rọ ní òun fẹ́ ṣe àpúdéètì. Bọ̀dá ní kí a ṣe sùúrù. Sùúrù kẹ̀! Wọ́n ń pariwo pé kó jẹ́ kí àwọn gbá ti àwọn ná. Ó ti ń ṣe ínsítọ́ọ̀lù, ó ti kọjá ìdajì dáadáa, iná bá lọ. Ó sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ó yí iná sí i, kò pẹ́ ìṣẹ́jú méjì tó fi dé. Ìṣẹ́jú méjì! Ẹ̀rọ ò lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan láìsí iná. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn ò gbé àwòrán wá mọ́. Àwọn kan ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Àwọn kan tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, pé oníṣọ́ọ̀bù kejì ń jowú. Ọwọ́ ayé kọ́ o jàre. Àpúdéètì ló já sáàárín.

Kì í sì í ṣe ibi tí iná ti ń ṣe ségesège nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ Wii U jáde ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń tú u nínú páálí ló ń ní kí wọ́n ṣe àpúdéètì kan tó tóbi, tó gba àwọn mìíràn ju wákàtí kan lọ. Àwọn kan rò pé ó ti dákú, wọ́n yọ wáyà. Ẹ̀rọ tuntun tí wọn ò tíì fi gbá gèèmù kan ṣoṣo ò tan mọ́. Iná wà níbẹ̀ o, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìkánjú ni. Nítorí náà, tí ilà tó ń gùn lójú tẹlifíṣọ̀n bá dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀, tàbí tí tẹlifíṣọ̀n bá dúdú, tí ẹ̀rọ sì ń tan ara rẹ̀ padà, ìyẹn ò ní kó ti kú. Ẹ wo iná ara ẹ̀rọ, ẹ káwọ́ gbera.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa yóò sọ tí wọ́n bá kà á dé ibí: "Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, kí ẹ lè ráyè kàwé." Ẹ má bínú o, sà, mà. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń wò bí eré yẹn, òun ni ẹlòmíràn fi ń bọ́ ìyàwó àtọmọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù gèèmù kò yàtọ̀ sí oníṣọ́ọ̀bù ìlọta tí mọ́tò rẹ̀ jó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ máa ń ṣe àpúdéètì tiwọn náà. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, orí kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn la sì ti ń gbára dì fún un. Tí aago méjì bá lù, tí wọ́n bá ń pa jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ẹnì kan kọ́kọ́ wo inú yàrá náà bóyá kọ̀ǹpútà kan wà tó ń sọ pé ẹ má pa òun. Windows máa ń gbìyànjú láti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ tí iná bá já a mọ́ ẹnu, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí i ṣe.

Ṣé kí a má ṣe àpúdéètì mọ́ ni? Rárá o. Àwọn kan wà nínú kíláàsì wa tí ìyẹn jẹ́ ẹ̀sìn wọn. Ẹ̀rọ tí ẹ kò ṣe àpúdéètì fún, gèèmù tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ bá ẹlòmíràn gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà àti ibi tí ẹ máa ti ṣe é. Òwúrọ̀ kí oníbàárà tó dé dáa ju ọ̀sán Sátidé lọ. Tí ẹ bá ní íńfátà tàbí UPS tó máa ń gba iná láìjẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Tí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ tàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ bu epo kún táǹkì rẹ̀, kí ẹ má sì yí i sí iná NEPA bí gbogbo àdúgbò bá tilẹ̀ ń pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" Ibi ìyípadà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ ti ń kú. Ẹ má sì sọ fún mi pé Báńdì A ni àdúgbò yín. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Báńdì A. Wákàtí 4 ṣì kù, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa bọ́ sí. Ní ọdún 2024 pàápàá, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí gíríìdì orílẹ̀-èdè yìí wó lulẹ̀, tí Báńdì A àti Báńdì E jọ wà nínú òkùnkùn.

Ẹni tó bá ní Nintendo Switch ní ìsinmi díẹ̀, nítorí ó ní bátìrì nínú. Kó ṣáà ti gba iná kún kó tó bẹ̀rẹ̀. PS4, PS5 àti Xbox kò ní bátìrì tó máa gbé wọn ró. Ní ti PS5, ẹ wọ Settings, ẹ wọ System, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ System Software sí. Nǹkan méjì lẹ máa rí níbẹ̀: ọ̀kan ń dáńlóòdù àpúdéètì fúnra rẹ̀, èkejì ń ṣe ínsítọ́ọ̀lù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ tó bá wù yín. Ẹ pa èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ ó máa yan ọjọ́.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí bí wọ́n bá lè gbọ́ mi láti Ìkẹ́rẹ́. Láti ọdún 2016 ni Android ti fún àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀nù ní ọ̀nà láti tọ́jú sọ́fítíwíà méjì: wọ́n á fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgbà tí tuntun bá pé tán ni fọ́ọ̀nù yóò tó kó lọ síbẹ̀. Tí iná bá já, àtijọ́ ṣì wà. Fọ́ọ̀nù yẹn, ó ní bátìrì nínú tẹ́lẹ̀ o! Kí ló dé tí irú ààbò bẹ́ẹ̀ kò fi jẹ́ dandan fún gbogbo ẹ̀rọ tí wáyà ara ògiri nìkan ló ń gbé e ró? Ìkìlọ̀ kò tó. Kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ tó lè fara da ilé tí iná ti ń lọ, nítorí àwa náà ń san owó kan náà.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tètè gbé e lọ fún ẹni tó máa tú u palẹ̀. PS4 àti PS5 ní ohun tí wọ́n ń pè ní Safe Mode. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí tí ẹ ó fi gbọ́ ìró ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Ẹ fi wáyà USB so páàdì mọ́ ọn. Tí ojú ìwé funfun lára dúdú bá yọ, ìrètí wà. Ẹ lọ bá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, ẹ gba fáìlì àpúdéètì láti orí sáìtì Sony fúnra wọn, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹnì kan lórí Telegram, kí ẹ gbé e sínú fúláàṣì. Lórí PS5, fódà tó ń jẹ́ PS5 ni ẹ máa dá, kí ẹ dá UPDATE sínú rẹ̀, kí fáìlì náà sì máa jẹ́ PS5UPDATE.PUP, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní òun máa ṣe reinstall o, gbogbo gèèmù àti ibi tí ẹ gbá a dé ló máa pa rẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ gbẹ̀yìn dán wò.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan fún bọ̀dá oníṣọ́ọ̀bù, ti PS4 náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ, kó wá bá mi ní SS 2B nígbà bíréèkì. Kó mú bírò tirẹ̀ dání.